Mo fẹ́ di rẹfirí fẹ́ńsìn tó ní ìwé ẹ̀rí, Àbújá ni mo wà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbí ní Kubwa. Mo ti fọn fèrè fún volleyball àti handball fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìdíje ilé ẹ̀kọ́ bá ti dé àgbègbè wa, èmi ni wọ́n máa ń pè. Láti sáà tó kọjá ni kóòṣì kan ti ń wá sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Alámísì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fẹ́ńsìn, eré idà. Ó kó idà foil àti épée wá, ó kó ìbojú àti ẹ̀wù funfun, àti ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń tan iná bí idà bá kan ara. Mi ò tíì rí eré tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn tó báyìí. Ọmọ tí kì í la ẹnu ní kíláàsì, ẹ fi idà lé e lọ́wọ́ kí ẹ wá wò ó.

Ìdájọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Kóòṣì yìí ló ń kọ́ wọn, òun náà ló ń ṣe rẹfirí, àwọn òbí sì ti ń kùn pé ọmọ tó ń sanwó ẹ̀kọ́ àdáni fún un ni àmì ń tẹ̀ lọ́wọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹlòmíràn máa dájọ́. Bí iná méjèèjì bá tàn pa pọ̀ nínú foil, èmi ni gbogbo wọn ń wò, mi ò sì ní ohun tí mo lè sọ.

Mo fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ. Ta ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí rẹfirí fẹ́ńsìn? Kí ni wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò rẹ̀, ṣé dandan ni kí èèyàn ti ta idà fúnra rẹ̀ rí? Mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Mo sì gbọ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń pàṣẹ. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé, bí mo bá tilẹ̀ gbà á, báwo ni n ó ṣe dì í mú ní Àbújá níbí tí ìdíje kò pọ̀? Mo mọ àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí volleyball tí wọn kò fọn fèrè mọ́ láti ìgbà náà. Ìwé wà lára ògiri, ojú ti kú.

Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Épée, Gwarinpa

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín gan-an. Lójoojúmọ́ ni à ń rí ẹni tó fẹ́ ta idà, ẹni tó fẹ́ dájọ́ rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Épée ni mo ń dá jù, mo ń dá foil náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, yóò gùn díẹ̀.

Ogójì ọdún kò dí yín lọ́wọ́ àtibẹ̀rẹ̀. Kò sì di dandan kí ẹ ti gba àmì ẹ̀yẹ kankan nídìí idà. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ẹ̀wù náà, ẹ gbé ìbojú wọ̀, kí ẹ bá àwọn ọmọ yín ta á fún oṣù mélòó kan. Ẹni tí wọn kò tíì gbá idà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rí kì í tètè mọ ìyàtọ̀ láàárín idà tí wọ́n dènà lóòótọ́ àti idà méjì tó kàn ń ha ara wọn lójú ọ̀nà. Ọwọ́ ló ń kọ́ ojú.

Ní ti ìwé ẹ̀rí: FIE ni àjọ àgbáyé tó ni eré yìí, Paris ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1913, Lausanne ní Switzerland ló fìdí kalẹ̀ sí báyìí. FIE kì í gba èèyàn wọlé fún ìdánwò rẹfirí bó bá dá wá fúnra rẹ̀. Àjọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tiwa ni Nigeria Fencing Federation. Nítorí náà, kí ẹ tó máa ronú nípa FIE, ẹ sọ ara yín di ẹni mímọ̀ nílé. Ẹ bá kóòṣì yín sọ̀rọ̀ kó so yín pọ̀ mọ́ kíláàbù tó forúkọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ rẹfirí lẹ fẹ́, kí wọ́n lè pè yín bí ẹ̀kọ́ àwọn rẹfirí bá ti dé. Ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́, ẹ kọ ìdánwò sórí ìwé, lẹ́yìn náà ẹ dájọ́ lójú ẹni tó jù yín lọ, kó máa wò yín kó sì máa kọ nǹkan sílẹ̀. Bó ṣe rí nílé nìyẹn, bó sì ṣe rí lọ́dọ̀ FIE náà nìyẹn, àfi pé tọ̀hún le jù. Ẹ fi sọ́kàn pé idà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹni tó yege nínú épée kò tíì yege nínú sabre, irú idà kẹta.

Faransé tí ẹ gbọ́ yẹn kò tó ohun tí à ń bẹ̀rù. En garde. Prêts? Allez! Halte! Àwọn tí ẹ ó máa pè jù nìyẹn. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni ohùn. Fèrè ló ń bá yín dá eré dúró nínú volleyball, níbí ohùn yín nìkan ni, Halte sì gbọ́dọ̀ jáde kí ọmọ tó ṣubú lu ọmọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ara wa nílé, ọ̀pọ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ẹ tètè mú Faransé, torí òun lẹ ó bá lókè.

Ìwé òfin FIE pín sí mẹ́ta: t, o àti m. Apá t ni bí wọ́n ṣe ń ta idà àti ìyà ẹ̀ṣẹ̀, o ni ètò ìdíje, m ni ohun èlò. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Èmi ní kí wọ́n tẹ apá t jáde fún mi ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì ní Wuse, mo dì í pọ̀, inú báàgì mi ló ń gbé. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé òfin ni pé, nínú eré wa, ohun tí rẹfirí bá fi ojú rẹ̀ rí, kò sí ẹni tó lè pè é lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, àfi níbi tí fídíò bá wà tí eléré sì béèrè pé kí wọ́n tún un wò. Ṣùgbọ́n bí rẹfirí bá ṣi òfin lò, eléré lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn yóò sì yí i padà. Ẹ rí i pé ojú yín ní ààbò, òfin tí ẹ kò mọ̀ ni kò ní.

Ibi tí ìdánwò ti máa ń mú èèyàn ni káàdì. Yẹ́lò ni ìkìlọ̀. Bó bá di pupa, alátakò gba àmì kan. Bó bá di dúdú, eléré jáde kúrò nínú ìdíje. Ẹ̀ṣẹ̀ pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí alátakò gba yẹ́lò, ọ̀wọ́ kìn-ín-ní ni. Bí ẹni yẹn kan náà bá tún wá fi ọwọ́ tí kò mú idà bo àyà rẹ̀ nínú foil, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kan náà ni, nítorí náà pupa ló kàn. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ẹ̀ṣẹ̀ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ láti yẹ́lò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Káàdì sì kan àwọn òbí tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà, ẹ lè kìlọ̀ fún wọn, ẹ sì lè lé wọn jáde. Mo rò pé èyí á wúlò fún yín ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ mi ni pé kí ẹ fi épée bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ara ni wọ́n lè gún, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ pé ta ló kọ́kọ́ kọlù ta. Bí àwọn méjèèjì bá gún ara wọn láàárín nǹkan bí ìdá ogójì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, iná méjèèjì á tàn, kálukú á gba àmì tirẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń sọ ẹni tó gún. Èyí á fún yín láyè láti kọ́ ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe: kí ẹ mójú tó pápá mítà 14 láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹ mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì jáde sẹ́yìn, kí ẹ di aago mú, kí ẹ rí idà tó kan ilẹ̀. Mo mọ̀ pé pápá ilé ẹ̀kọ́ yín kò ní irin lábẹ́. Bí ṣóńṣó idà bá tẹ símẹ́ńtì, iná á tàn bí ẹni pé ara ló kàn. Ẹ̀rọ kò mọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ mọ̀.

Ẹ má kóyán ohun èlò kéré. Kí épée kọ̀ọ̀kan tó wọ pápá, ẹ gbé òṣùwọ̀n gíráàmù 750 lé ṣóńṣó rẹ̀. Spring inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e sókè. Ti foil jẹ́ gíráàmù 500. Irin pẹlẹbẹ méjì tún wà fún épée, ọ̀kan nípọn ní mìlímítà 1.5, èkejì 0.5. Èyí tó nípọn gbọ́dọ̀ wọlé sábẹ́ ṣóńṣó náà, bí ẹ bá sì fi èkejì sábẹ́ rẹ̀ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, iná kò gbọdọ̀ tàn. Ní àsìkò ọyẹ́ níbí, eruku máa ń wọ ṣóńṣó débi pé spring á máa lọ́ra. Bí ẹ kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ á gún ẹnìkejì rẹ̀ dáadáa, iná kò ní tàn, ọmọ náà á sì gbà pé ẹ̀yin lẹ rẹ́ òun jẹ.

Bí iná ìjọba bá lọ láàárín eré ńkọ́? Ẹ máa kọ àmì àti àkókò sórí ìwé lẹ́yìn gbogbo àmì, ẹ má fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ nìkan. Kí iná tó wọ inú eré yìí, adájọ́ mẹ́rin ló máa ń wà pẹ̀lú olórí wọn. Sabre ló pẹ́ jù, Olympics ti 1992 ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ dá sabre níbẹ̀. Ẹ lè fi ọ̀nà àtijọ́ yẹn kọ́ àwọn ọmọ yín lónìí. Méjì dúró lápá ọ̀tún yín, méjì lápá òsì. Àwọn ti ọ̀tún ń wo ara ẹni tó wà ní òsì, àwọn ti òsì ń wo ara ẹni tó wà ní ọ̀tún. Ìbò adájọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, tiyín jẹ́ 1.5. Bí àwọn méjì bá fẹnu kò, wọ́n borí yín. Bí wọ́n bá takora, tiyín ló ṣẹ. Ọmọ tó bá ṣe adájọ́ bẹ́ẹ̀ fún sáà kan kì í bá rẹfirí jà mọ́.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún aago. Ní London 2012, nínú épée obìnrin, Shin A-lam ti Kòríà Gúúsù àti Britta Heidemann ti Jámánì wà ní 5-5, ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo ló kù, Shin ni gègé ti mú pé yóò borí bí wọ́n bá parí sí ọ̀mì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn kò tán, títí Heidemann fi gún un. Shin jókòó sórí pápá, ó ń sunkún, ó lé ní wákàtí kan, torí bó bá kúrò níbẹ̀ ó ti gbà nìyẹn. Gbogbo ayé wò ó. Èmi kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bá mi di aago mú wo fóònù.

Ọmọ Kàdúná

Ẹ kú àlàyé, Ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà.

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá sọ, àfi ibi tí wọ́n ní kí ẹ fi épée bẹ̀rẹ̀. Foil ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, foil ló ń dá ìjà sílẹ̀, foil ni kí ẹ kọ́. Ẹni tó bá pẹ́ jù nídìí épée, iná ló máa mọ́ ọn lójú, kò ní wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ́. Mo ti rí irú rẹfirí bẹ́ẹ̀ tó dé orí foil, ẹ̀rọ ló ń wò títí eré fi parí.

Ọ̀rọ̀ foil kò le bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àyà, ikùn, ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ aṣọ ọrùn ìbojú ni ara tó kà, apá kò sí níbẹ̀, itan kò sí níbẹ̀. Bí ó bá gún ibi tí kò kà, iná funfun ló ń tàn, eré dúró, kò sí àmì. Bí iná aláwọ̀ méjèèjì bá wá tàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé: ta ló kọ́kọ́ na ọwọ́, tí ṣóńṣó idà rẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ ara ẹnìkejì? Òun ló ni ìkọlù. Ẹnìkejì gbọ́dọ̀ gbá idà yẹn kúrò kó tó dá tirẹ̀ padà. Bó bá gbá a kúrò tó sì dá a padà kíá, ẹ̀tọ́ ìkọlù ti kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá gbá a, tó kàn gún tirẹ̀ wọlé, ti ẹni àkọ́kọ́ ni. Bí àwọn méjèèjì bá kọlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí àmì fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ máa sọ ọ́ síta, sà, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ júwe rẹ̀. «Ìkọlù láti ọ̀tún, ó dènà, ó dá a padà, ó kàn án, àmì fún òsì.» Ẹni tí kò lè tò ó léra bẹ́ẹ̀ kò rí i. Bí mo ṣe ń ṣe é nílé nìyí: FIE gbé ìdíje wọn sórí YouTube. Mo máa pa ohùn rẹ̀, mo máa dá a dúró ní kété tí iná bá tàn kí rẹfirí tó gbé ọwọ́, mo máa sọ tèmi, kí n tó jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má fi ìdíje sabre bẹ̀rẹ̀ o, ó yá jù. Sabre ni mo ń dá, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Kódà àkókò tí ẹ̀rọ fi ń dúró de iná kejì, wọ́n ti fà á gùn ní 2016, láti 120 sí 170 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá.

Ohun kan sì wà tí àwọn èèyàn kì í sọ fún rẹfirí tuntun. Bí ọlọ́wọ́-òsì bá ń bá ọlọ́wọ́-ọ̀tún jà, ẹ fi ọlọ́wọ́-òsì sí apá òsì yín. Ẹ ó rí àyà àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, ẹ̀yìn ni ẹ ó máa wò.

Àtìpó, Lugbe

Ẹ ǹlẹ́ o. Amẹ́ríkà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹfirí kí n tó padà wá sílé, nítorí náà ọ̀rọ̀ dídi ìpele mú ni n ó sọ.

Lọ́hùn-ún, USA Fencing máa ń fi lẹ́tà pín ìpele. P ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ R2 àti R1 fún ìdíje agbègbè, N2 àti N1 fún ti orílẹ̀-èdè. Ẹ máa rí i pé ẹnì kan lè jẹ́ N2 nínú foil kó jẹ́ P nínú sabre. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n máa ṣe ìwádìí ìwà yín, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ SafeSport wà, ti bí a ṣe ń dáàbò bo àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìwà ìbàjẹ́, wọ́n ń tún un kọ́ni lọ́dọọdún. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá kọjá ọjọ́ rẹ̀, ẹ lè mọ òfin láti A dé Z, wọn kò ní gbé pápá fún yín. Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an. Mo rọ ilé ẹ̀kọ́ yín, Tíṣà, pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ níwọ̀nba agbára wọn, ìbáà jẹ́ fún kóòṣì, ìbáà jẹ́ fún rẹfirí.

Ohun kejì: òfin kì í dúró sójú kan. Ẹ rántí Olga Kharlan ti Ukraine ní ìdíje àgbáyé Milan ní 2023. Ó borí Anna Smirnova, ọmọ Rọ́ṣíà, ó na idà rẹ̀ síwájú dípò kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje torí òfin ìgbà náà sọ pé dandan ni ìbọwọ́. Láìpẹ́, FIE yí òfin náà padà, wọ́n gbà kí àwọn eléré kí ara wọn láti òkèèrè. Rẹfirí tó ka ìwé rẹ̀ ní ọdún tó ṣíwájú tí kò tún un kà, ó lè na káàdì dúdú sí ọmọ tí kò ṣẹ̀. Òfin lórí àwọn tó dúró wo ara wọn láìjà náà, wọ́n ti yí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Tíṣà Kubwa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé, ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀. Ìyá, Ọmọ Kàdúná, Àtìpó, Ọlọ́run á bá wa mú ọ̀nà yín là.

Mo ti wa ìwé òfin náà sílẹ̀, mo sì ti ka ibi tí káàdì wà. Mo fi òṣùwọ̀n náà wò lónìí pẹ̀lú kóòṣì, épée méjì nínú àwọn tí à ń lò kò gbé e sókè. Ó ya òun náà lẹ́nu, ó sì dúpẹ́.

Ó ku mẹ́ta. Ìyá, báwo ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń di tiyín mú láti Gwarinpa? Ṣé mo lè dájọ́ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́? Ìkẹta, bí iná méjèèjì bá tàn tí mi ò rí i lóòótọ́, tí mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọlù, kí ni kí n sọ níwájú àwọn òbí yẹn?

Ìyá Épée, Gwarinpa

Tíṣà, ẹ kú akitiyan. Inú mi dùn sí ti òṣùwọ̀n yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Kí n tó dáhùn, Ọmọ Kàdúná, mo gbọ́ tìẹ. Níbi tó jẹ́ pé foil ló wà nílẹ̀ jù, o jàre, kí wọ́n máa kọ́ méjèèjì pọ̀. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí rẹ̀ pé kí ìdíje gidi tí Tíṣà máa kọ́kọ́ dá jẹ́ épée.

Ní ti dídì í mú, ètò wà, iṣẹ́ sì wà. Ètò rẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ FIE, rẹfirí gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì ti sáà yẹn, bí eléré ṣe ní tirẹ̀. Sáà wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù September, ó parí ní ọjọ́ 31 oṣù August, àjọ orílẹ̀-èdè ẹni ló sì ń bá ni gbà á. Nílé náà, ẹ má jẹ́ kí owó ọmọ ẹgbẹ́ yín wọ ọdún kejì láìsan. Bí September bá ti ń wọlé, mo máa ń ṣí ìwé òfin tuntun pẹ̀lú ti àtijọ́, mo ń fi bírò pupa sàmì sí ohun tó yí padà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló le, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ìdíje Àbújá kò tó láti mú kí ojú ẹnikẹ́ni jí. Nítorí náà, ọjọ́ ìdánrawò ni mo ń lò. Lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn ọmọ bá ń ta idà fún eré lásán, mo máa ń dá a bí ẹni pé ìdíje ni: mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo pàṣẹ ní Faransé, mo na káàdì bí káàdì bá tọ́. Àwọn kóòṣì fẹ́ràn rẹ̀ torí àwọn ọmọ wọn á ti mọ rẹfirí kí wọ́n tó dé ìdíje. Mo ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, ibi, irú idà, ṣé ìpele àmì márùn-ún ni tàbí ti àmì 15, ta ló wò mí, kí ló sọ. Bí àjọ bá béèrè ohun tí mo ti ṣe láti ọdún tó kọjá, mo gbé e kalẹ̀. Ìkejì, ẹ wá ẹni tó jù yín lọ kó máa wò yín, kó má sì dá yín sí. Ibi tí àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù ni Èkó, ẹ ó máa rin ìrìn àjò náà, mi ò lè parọ́ fún yín. Nígbà tí Èkó gba àlejò ìdíje Áfíríkà ní 2025, mo lọ jókòó síbẹ̀, kì í ṣe eléré ni mo lọ wò, ọwọ́ àwọn rẹfirí ni mo ń wò. Dakar náà ń gba àlejò Olympics àwọn ọ̀dọ́ ní 2026, fẹ́ńsìn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é ṣe fún láti lọ kó lọ. Ẹni tí kò bá ṣe é ṣe fún, kó wò ó bí Ọmọ Kàdúná ṣe ń wò ó.

Owó ńkọ́? Ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé á béèrè. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni ẹ ó máa rí lọ́pọ̀ ìgbà níbẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn ọpẹ́ nìkan. Ẹ má fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀.

Àwọn ọmọ yín: nínú ilé ẹ̀kọ́, láàárín ara wọn, ẹ lè dá a. Bó bá di ilé ẹ̀kọ́ yín pẹ̀lú òmíràn, ẹ tètè sọ fún olùṣètò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí pápá yẹn. Nínú ìdíje àgbáyé, wọn kì í fi rẹfirí sí eré ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ohun tí àwọn òbí yẹn ń bá kóòṣì yín jà lé lórí gan-an nìyẹn, bí ẹ kò bá ṣọ́ra, á yí sórí yín.

Ìbéèrè kẹta yín: ẹ sọ pé ẹ kò rí i. Òfin fún yín láyè. Bí rẹfirí kò bá lè mọ̀ dájú ẹni tó ni ẹ̀tọ́ nígbà tí iná méjèèjì tàn, kò gbọdọ̀ méfò. Kò ní fún ẹnikẹ́ni ní àmì, yóò dá àwọn méjèèjì padà sí ìdúró, yóò sì pe Allez. Ẹ fi ohùn tó dúró ṣinṣin sọ ọ́, ẹ má ṣàlàyé gùn. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú eré kan, ẹ rìn síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, ó lè jẹ́ ibi tí ẹ dúró sí ni kò jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ máa bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹ má dúró sójú kan.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, bí ẹ bá ráyè, ẹ kọ sí mi lábẹ́lẹ̀ kí n sọ ibi tí a ti ń ṣe é fún yín. Ẹ mú bàtà pẹlẹbẹ, òṣùwọ̀n yẹn, àti épée méjì tí kò ṣiṣẹ́ náà wá. Spring ló nílò, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè pààrọ̀ rẹ̀.